Ọjọ́ tí Làmídì Dọ̀bálẹ̀ fún Fóònù

Ní ọjọ́ kan tí òtútù mú mi nílùú Òyìnbó, mo sín. Sísín náà gba ojú fèrèsé jáde, ó ré òkun kọjá, ó gba orí aṣálẹ̀, ó sì balẹ̀ sí agboolé wa ní Ìwó. Àbúrò mi Làmídì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lábẹ́ igi máńgòrò, gbójú sókè, ó ní, "Yaramukaláà, Bùrọ̀dá." Mo gbọ́ ọ ketekete, mo sì dá a lóhùn. Adìẹ kan tó ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣubú nítorí agbára sísín náà, wọ́n sì sáré dúńbú u kó tó kú, kó má baà di òkú ǹbete. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi adìẹ náà.

Nígbà yẹn, fóònù tó ń fi ojú han ojú kò tíì kan àwa. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ má retí ọgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n níbí. Wọ́n ń jiyàn lórí rédíò pé ṣé fóònù yìí ń sún wa mọ́ra ni àbí ó ń tú wa ká. Èmi kò ní wá ṣe onídàájọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin èmi àti Làmídì ni mo fẹ́ sọ.

Bí mo ṣe dé ìlú Òyìnbó, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ránṣẹ́ pè mí, nígbà tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò pẹ́, ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí ibi tó jìnnà, wọ́n kó lọ. Èmi ní n kò lọ mọ́, pé ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹyẹ. Bí mo ṣe ku èmi nìkan nìyẹn, nínú yàrá kan tí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, n ó kan ògiri méjèèjì.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Òtútù, èèyàn lè wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù títí á fi dà bí àpò ìrẹsì. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Ìwó, bí mo bá jáde láàárọ̀ pé mo fẹ́ lọ ra ẹ̀kọ, ọjọ́ á ti kanrí díẹ̀ kí n tó dé, nítorí kíkí nìkan. Ṣé dáadáa la jí? Ìyàwó ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ewúrẹ́ tó sọnù ńkọ́, ṣé wọ́n ti rí i? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọkùnrin kan yà sí òdìkejì títì. Ìyá arúgbó kan dúró, ó ní, "Ṣé o sọnù ni?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Mò ń kí yín ni."

Ó ní, "Nítorí kí ni?"



Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́, àmọ́ àwọn tó bá fẹ̀ jù, èèyàn méjì ló ń ká a. Ẹnì kejì mi ni Máàrẹ́kì, bàbá kan láti ilẹ̀ Pólàǹdì. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ohùn láti inú kànga. Òun á di etí aṣọ méjì mú, èmi á di méjì mú, a ó fà á, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó rìn pàdé ara wa títí ìka wa á fi kan ara wọn, òun á gba tèmi, èmi á bẹ̀rẹ̀ mú ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọdún gorí ọdún. Mo mọ ìgbà tí eyín bá ń ro ó. Ó mọ ìgbà tí mo bá ń gbààwẹ̀, á sì gbé búrẹ́dì rẹ̀ lọ jẹ níta nínú òjò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo kọ́ ọ: "Ó yá." Bó bá ti sọ ọ́, aṣọ ti fò sókè. Ọ̀gá wa wá dúró lọ́jọ́ kan, ó wò wá títí, ó ní kò sí méjì tó yá ọwọ́ tó wa. Mo pe Làmídì lọ́jọ́ náà, mo ní wọ́n ti fi mí jẹ olórí gbogbo aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ìyá kan náà ló bí èmi àti Làmídì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ ilé kéwú, mo sì sá kúrò níbẹ̀. Òun wọlé, kò jáde mọ́ títí ó fi di àáfà. Ilé kéwú tirẹ̀ wà lẹ́yìn agboolé wa, àwọn òbí sì ń mú ọmọ wá síbẹ̀ láti Kútà àti Ilé-Ogbó, nítorí wọ́n ní ohùn rẹ̀ mọ́, ìwà rẹ̀ náà mọ́.

Láyé ìgbà tí a ń fi káàdì pe ilé, ọ̀rọ̀ wa kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Làmídì á ní, "Mo fi yín sínú àdúà láàárọ̀ yìí, Bùrọ̀dá." Èmi á ní, "Kí wọn nílé." Káàdì á tán. Ọ̀rọ̀ ìba táṣẹ́rẹ́ yẹn ni n ó máa jẹ lẹ́nu bí obì títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi fi fóònù fẹlẹfẹlẹ kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fi mí sínú gúrúùpù agboolé wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ojú Làmídì nínú rẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán. Òun náà ń wò mí, ó ní, "Bùrọ̀dá, kí ló ṣe yín? Ẹ ti ṣì bí ẹ̀kọ àná." A rẹ́rìn-ín títí tí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sìkírù, fi yọ orí sí i: "Ọkọ mi, ẹ rọra o, kí eyín yín má jábọ́ sínú fóònù." Mo ní ó parí. Mo ti padà sílé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọ́n mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í dà á nù. Làmídì tó ń fi mí sínú àdúà, àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ "Jímọ́ọ̀ Mùbáráàkì" sí ló ń fi ránṣẹ́ sí mi báyìí, òdòdó kan náà tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Èmi náà ń fi tèmi ránṣẹ́ padà. Òdòdó ń lọ, òdòdó ń bọ̀.

Ìtàn ni mo fi ń gba ara mi sílẹ̀. Bí mo bá ti délé láti ibi iṣẹ́, n ó tẹ fóònù, n ó fi ohùn mi sọ irọ́ ńlá kan sínú gúrúùpù: pé mo bá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ òyìnbó jà, ó bẹ̀ mí, pé òjò ibẹ̀ ń pè mí lórúkọ. Àwọn ọmọ ilé wa á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ fi òmíràn sí i." Ẹ ò mọ bó ṣe rí kí èèyàn jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ̀rín agboolé yín sì máa ti àtẹ́lẹwọ́ yín jáde. N kò lè jáwọ́.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni mo sọ ti ẹtù. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, ṣé ẹ mọ̀ pé Làmídì kò parí Kùránì? Lọ́jọ́ wólímọ̀ rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sá wọ inú àká àgbàdo. Èmi ni mo wé láwàní, mo fi bojú, mo jókòó sípò rẹ̀, mo kéwú. Ẹtù mẹ́ta ni mo fún àáfà àgbà kó lè fojú fò ó." Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kò lè kà ju Fátíhà lọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Làmídì pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run yóò bi yín."

Àmọ́ ẹnì kan fi ohùn náà ránṣẹ́ síta. Ó dé Ilé-Ogbó, ó dé Kútà. Àwọn ará Kútà kò mọ ẹnu mi. Ohùn bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n gbọ́, tó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n Làmídì. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́, wọ́n ní, yóò ha parọ́ bí? Òbí kan wá mú ọmọ rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Bí Làmídì bá kọjá lọ́jà, àwọn ọmọ ìta á máa ké bí ẹtù lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Àáfà Ẹtù.

Ó pè mí. Kò kí mi pẹ́.

"Bùrọ̀dá, ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni."

"Irọ́ ni mọ̀nà. Ta ni kò mọ̀?"

"Àwọn ará Kútà kò mọ̀. Ẹ fi ohùn yín sọ ọ́, bí ẹ ṣe fi ohùn yín sọ tàkọ́kọ́. N ó fi ránṣẹ́ sí wọn."

"Ìwọ náà ti le jù. Kí n wá máa ṣàlàyé ẹ̀fẹ̀ fún àwọn ọmọdé?"

"Ọmọ méje ló kù sọ́wọ́ mi, Bùrọ̀dá."

Mo ní n ó ṣe é lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo ní kí n kọ́kọ́ fi ẹ̀rín rọ̀ ọ́ lójú, mo bá fi àwòrán ẹtù kan ránṣẹ́ sínú gúrúùpù. Ká ní mo wà nílé ni, tí mo gbé ẹtù gidi wá síwájú rẹ̀, ì bá fi bàtà jù mí, à bá sì jọ sun ẹtù náà jẹ. Ẹtù inú fóònù kò ṣeé jẹ. Làmídì fi ohùn rẹ̀ sí i, lójú gbogbo ilé, ó ní: "Ẹ kúkú gbọ́ òtítọ́ lónìí. Ẹni tí ẹ ń pè ní ọ̀gá nílùú Òyìnbó, aṣọ tí àwọn òyìnbó sùn sí ló ń ká. Mo ti mọ̀ tipẹ́, n kò sì fi ṣẹ̀sín rí." Lẹ́yìn náà, fóònù kọ ọ́ síbẹ̀ pé Làmídì ti jáde kúrò nínú gúrúùpù.

Ní agboolé, ìjà kì í pẹ́. Wọ́n ní Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ bá arákùnrin rẹ̀ yan odì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ní tiwa, ọjọ́ mẹ́ta kì í pé, nítorí ìwọ gbé ike àlùwàlá ní ìdájí, òun náà gbé tirẹ̀, ẹ pàdé lẹ́yìnkùlé, ta ni kò ní kí ẹnì kejì rẹ̀? Lórí fóònù, o lè yan odì fún odidi ọdún, kó o sì máa rí i lójoojúmọ́ pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni.

Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, ló dá sí i. Ó pè mí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi omi pa iná yìí. Làmídì ti gbà láti dọ̀bálẹ̀ fún yín. Bó bá ti dìde, kí ẹ̀yin náà sọ fún ayé pé ọ̀rọ̀ ẹtù kì í ṣe òótọ́. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn. Láàrin wa, àbúrò ló ń dọ̀bálẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló jẹ̀bi. Ti ẹ̀gbọ́n kò ju kó sọ pé, "Dìde." Bí kò bá tíì sọ ọ́, ẹni tó wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde. Bó bá sì pẹ́ kó tó sọ ọ́, àwọn tó dúró ti mọ̀ pé kò tíì dárí jì í.

Ọjọ́ Ẹtì ni, wọ́n ti kí Jímọ́ọ̀ tán. Wọ́n gbé fóònù ti ara odó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ilé dúró. Èmi wà ní àgbàlá ilé ìfọṣọ, mo gba àyè díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Làmídì wọ jálàbíà funfun. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, mo sọ̀rọ̀ sí yín lójú àwọn ọmọ. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí." Ó sì na gbalaja síwájú fóònù.

Ibẹ̀ gan-an ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já. Àwọn ará ilé ló sọ ìyókù fún mi. Wọ́n ní ojú mi dúró gbagidi lórí fóònù, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí ní, "Ẹ dá a lóhùn." Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó dìde." Ìyá Sìkírù ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣàánú, ẹ̀yìn ń dùn ún." Ẹnì kan ní, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, ó ti dúró." Làmídì kò gbé orí. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, lórí sìmẹ́ńtì, títí iyanrìn fi lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Nígbà tó ṣe, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀, ó dìde láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú mi nínú fóònù dáadáa, ó ní, "Ó dáa, Bùrọ̀dá. Mo ti gbọ́." Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Mo pè é lọ́jọ́ náà, mo pè é lọ́jọ́ kejì. Kò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́, kò wọlé. Mo wá sọ ọ́ nínú gúrúùpù pé mo parọ́ mọ́ ọn, pé ó parí Kùránì rẹ̀ lójú mi. Ẹni tó fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Kútà kò fi èyí ránṣẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Làmídì kò ní ogún ọdún.

Ó lé díẹ̀ lọ́dún kan lẹ́yìn náà, nígbà ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣí fóònù. Òdòdó ni mo kọ́kọ́ rí, òdòdó mìíràn, lẹ́yìn náà fọ́tò ilẹ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. "Ìnnà lílláhì." Oníkálukú ti to ojú tó ń sunkún sábẹ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ Làmídì ni wọ́n kọ sí i. Àárọ̀ ló kú, wọ́n sì ti sin ín kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Kò sẹ́ni tó pè mí. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní àwọn rò pé mo ti rí i nínú gúrúùpù.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Máàrẹ́kì wò mí. Nígbà tí a rìn pàdé ara wa, kò gba etí aṣọ lọ́wọ́ mi. Ó di aṣọ mú, ó di ọwọ́ mi mú mọ́ ọn, a dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ń pariwo, aṣọ ń kó jọ lẹ́yìn wa. Òun kò mọ orúkọ àbúrò mi. Èmi náà kò mọ̀ bóyá òun ní àbúrò.

Mo ti padà sí Ìwó báyìí. Yàrá mi kọjú sí ti Làmídì. Koríko ti hù níbi tí àwọn ọmọ kéwú ti ń jókòó. Àwọn ọmọ ilé wa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn láti yàrá dé yàrá, bí mo bá sì jáde kí wọn, ìṣẹ́jú kan á kọjá kí wọ́n tó gbójú sókè. Mo máa ń rántí ìyá arúgbó ọjọ́sí. Ẹ̀gbẹ́ òkun méjèèjì ni mo ti dé, n kò sì mọ èwo ni mo lè pè ní ilé.

Ọ̀rọ̀ wa ti di ìwàásù fún Mọ́gàjí. Bó bá ti rí ọmọdé tó di fóònù mú, á ní, "Ẹ rọra ṣe é o. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ya ọmọ ìyá méjì nínú ilé yìí, títí ikú fi dé." Gbogbo ilé á mi orí, èmi náà á mi tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Sìkírù wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Títí Bàbá Sìkírù fi kú ló ń sọ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, pé ẹ̀ ń wo òun. Mo ní, 'Ẹ má dá ẹ̀ṣẹ̀ sọ́rùn ara yín, ẹ̀gbọ́n yín ni.' Kò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi forí jì í. N kò fẹ́ kí èrò burúkú yẹn máa dà á láàmú nínú sàréè."

Mo ní, "Mo ti forí jì í."

Ó ṣàdúà fún mi, ó dìde, ó lọ.

Ó wá tó àkókò kí n sọ ibi tí mo ti parọ́. Sísín, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹtù, mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kù ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Kò já. Èmi ni mo la ẹnu sílẹ̀, tí n kò ṣẹ́jú, tí mo ṣe bí àwòrán. Ọ̀rọ̀ aṣọ tó tú sí gbangba ṣì ń dùn mí, mo sì ní kó pẹ́ díẹ̀ sí i nílẹ̀. Mo gbọ́ Mọ́gàjí. Mo gbọ́ Ìyá Sìkírù. Nígbà tí ẹnì kan ní ó ti dúró, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí Làmídì dìde, tó bẹ̀rẹ̀ wo ojú mi, ojú tì mí láti mira, mo bá tẹ bọ́tìnì, mo pa á. Kò sí ẹni tí mo sọ fún rí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọjọ́ náà dára. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.